Ewé Tí Ń Jí Ilẹ̀

Ajílẹ̀ ni Yorùbá ń pe ohunkóhun tí a bá fi sí oko kí irè lè ṣe dáadáa. Orúkọ náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ohun tí ó ń jí ilẹ̀ ni. Lóde òní, bí a bá dárúkọ ajílẹ̀, àpò tí a kọ nọ́ńbà sí lára ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá Yorùbá ti ń jí ilẹ̀ kí àpò náà tó dé. Ewé, koríko, igi àti sùúrù ni wọ́n fi ń jí i. Ìmọ̀ wọn kò sí nínú ìwé. Inú igbó ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ojú ni wọ́n sì fi ń kà á. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni ìmọ̀ náà tún lè ṣe ní irú ibi bí Ilo-Awela ní Ọ̀tà, níbi tí ilé gbígbé àti ilé-iṣẹ́ ti jókòó sí ipò igbó? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìmọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni ewé inú igbó ń ṣe fún àgbẹ̀. Èkíní, ó ń sọ bí ilẹ̀ ti rí fún un. Èkejì, ó ń tún ilẹ̀ náà ṣe. Kí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ tó gbé àdá sọ igbó, yóò kọ́kọ́ wo ohun tí ó hù níbẹ̀. Bí ó bá rí èkan, koríko tí ewé rẹ̀ mú bí abẹ, tí ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá. A ti dáko síbẹ̀ léraléra, a ti dáná sun ún léraléra, ohun tí isu ìbá rí jẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá rí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tí ó sanra, ó mọ̀ pé ààtàn ti wà níbẹ̀ rí, tàbí pé ìdọ̀tí ti jẹrà síbẹ̀. Bí ó bá wú ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀, tí ó bá ilẹ̀dú àti imí ekòló lábẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti sinmi tó. Kì í fi ewé kan ṣoṣo dájọ́. Yóò wo àwọ̀ ilẹ̀, yóò bù ú sọ́wọ́ kí ó mọ̀ bí yanrìn inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, yóò sì bi àwọn tí wọ́n ti dáko sí ìtòsí léèrè.

Yorùbá fi orúkọ ya ipò wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ẹgàn ni igbó ńlá tí ọkọ́ kò ì kàn rí. Ìgbòrò ni ilẹ̀ tí a ti dáko sí tẹ́lẹ̀, tí a wá fi sílẹ̀ kí ó tún di igbó. Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ ti tán. Ohun tí ó lè mú aṣálẹ̀ padà di ilẹ̀ rere ni kí a jẹ́ kí ó di ìgbòrò, kí ewé sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Bí a bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kì í ṣe pé ó kàn ń sùn. Gbòǹgbò igi a wọ ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé, a sì fa oúnjẹ tí òjò ti gbé lọ síbẹ̀ padà sókè. Oúnjẹ náà a di ewé, ewé a wọ́ sílẹ̀, ekòló àti ìkán a fà á wọlẹ̀, a sì jẹrà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bákan náà ni ewé tí ó bá pẹ́ lára ilẹ̀ ń di ilẹ̀. Ìbòòji igbó a sì pa koríko bí èkan, tí kò lè gbé láìrí oòrùn. Ní ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, P. H. Nye àti D. J. Greenland, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ghana, tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ tí a ń dáko sí tí a sì ń fi sílẹ̀. Wọ́n fi ìwọ̀n àti òǹkà ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé ìgbòrò kì í ṣe ilẹ̀ tí ó ń ṣòfò. Àká tí oúnjẹ irúgbìn ń kó jọ sí ni. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé ti mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fi oko sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá wà.

Àgbẹ̀ kì í sì í dá iṣẹ́ náà dá igbó nìkan. Bí ó bá ń ṣán oko, kì í hú gbogbo kùkùté. Ó ń gé igi kù ní ìwọ̀n orúnkún, kí ó lè tètè rú padà nígbà tí a bá fi oko sílẹ̀. Ó sì ń dá àwọn igi kan sí pátápátá, bí ọ̀pẹ, ìrókò àti ayùnrẹ́. Ìbátan ẹ̀wà ni ayùnrẹ́. Àwọn kókó kéékèèké tí ó wà lára gbòǹgbò rẹ̀ ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún un, ewé rẹ̀ tí ó bá wọ́ sílẹ̀ sì ń bù nínú rẹ̀ fún oko. Nígbà tí katakata bá wọ irú oko bẹ́ẹ̀, tí ó sì hú gbogbo kùkùté tán, oko náà lè mọ́ ní ojú, ṣùgbọ́n igi tí ìbá padà wá wo ilẹ̀ sàn ti lọ. Koríko ni yóò gba ibẹ̀.

Àmọ́ kò sí ewé tí ó fi ọgbọ́n àgbẹ̀ hàn tó ewé Akíntọ́lá. Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, a sì gbà pé inú irúgbìn igi mẹ̀línà, tí a kó wá ní ọdún 1937 láti Ceylon tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, ni ó fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1942 ni àwọn onímọ̀ ewéko kọ́kọ́ dá a mọ̀ níhìn-ín. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1960, ó ti gba etí ọ̀nà àti ìgbòrò ilẹ̀ Yorùbá. Àkókò náà sì ni ìjà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn gbóná. Ní ọdún 1962, ẹgbẹ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá ní kí ó fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wo ewé tí a ń ro tí kò lọ, tí a ń sun tí ó tún ń rú, wọ́n sì pè é ní Akíntọ́lá-takú. Àwọn mìíràn sọ ọ́ ní Awólọ́wọ̀. Ní Ghana, Acheampong ni orúkọ tí ó gbà, èyí tí í ṣe orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣèjọba níbẹ̀ láti ọdún 1972 sí 1978. Ewé kan náà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń dẹ́kun ẹ̀jẹ̀ bí àdá bá ṣá wọn lóko.

Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kò rí ire kan lára rẹ̀. Ó ń bo kòkó àti ọ̀pẹ tí kò tíì dàgbà mọ́lẹ̀, màlúù kì í jẹ ẹ́, ó sì ń tètè gbiná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A tún rí i pé òdòdó rẹ̀ ń fa tata, kòkòrò tí ń jẹ ewé gbágùúdá run, mọ́ra. Ní àwọn ọdún 1970, a tú irú kòkòrò kan tí í jẹ ewé Akíntọ́lá sílẹ̀ ní Nàìjíríà kí ó lè dín in kù, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò ríbi jókòó. Ghana tú u sílẹ̀ ní ọdún 1991, ó sì múlẹ̀ ní ọ̀hún.

Bí àwọn kan ti ń wá ikú ewé náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń wá ilẹ̀ tí ó hù sí. Wọ́n ti ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta. Ó ń ṣíji bo èkan títí èkan yóò fi kú. Ewé rẹ̀ ń wọ́ púpọ̀, ó sì ń jẹrà kíákíá. Ilẹ̀ tí ó bá sì ti bò fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta ń rọ̀ fún ọkọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ènìyàn ń pọ̀ sí i, tí agbára káká ni àgbẹ̀ fi lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá mọ́. Ìgbòrò Akíntọ́lá kò tó ẹgàn, ṣùgbọ́n ó sàn ju pápá èkan lọ fíìfíì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Abidjan ní ọdún 1993 lórí ewé yìí, àríyànjiyàn náà kò tíì tán: ṣé ọ̀tá ni àbí ọ̀rẹ́? Ọwọ́ ẹni tí a bá bi ni ìdáhùn wà. Ọ̀tá ni fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin kòkó; ọ̀rẹ́ ni fún ẹni tí ó fẹ́ gbin àgbàdo àti gbágùúdá sí ilẹ̀ tí ó ti rẹ̀.

Ohun tí ìtàn Akíntọ́lá kọ́ni ni pé àgbẹ̀ kì í gba ewé nítorí pé a yìn ín fún un. Ó ń díwọ̀n gbogbo iṣẹ́ ewé náà, pẹ̀lú òógùn tí yóò ná an. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn òyìnbó ètò ọ̀gbìn ní Moor Plantation ní Ìbàdàn ń gbin irú wèrèpè tí kì í yúnni, wọ́n ń wú u mọ́ ilẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀. Irè ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti dán an wò. Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kò tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ewé náà gba ilẹ̀ àti iṣẹ́ láìmú oúnjẹ wálé, nígbà tí ilẹ̀ tí a lè fi sílẹ̀ lásán ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, a mú ewé kan náà lọ sí gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, sórí ilẹ̀ tí ènìyàn pọ̀ sí, tí èkan sì ti gbà. Níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á jù lọ ni pé ó ń pa èkan. Ọ̀rá ilẹ̀ sì jẹ́ èrè tí ó bá a wá. Ewé kò yí padà láàrin Ìbàdàn àti Benin. Ìṣòro àgbẹ̀ ni ó yí padà.

Ìṣòro àgbẹ̀ ti yí padà ní Ọ̀tà pẹ̀lú. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀tà, ilẹ̀ pupa oníyanrìn tí òjò tètè ń fọ ọ̀rá inú rẹ̀ lọ, tí ó sì jọ ilẹ̀ gúúsù Benin gan-an. Ilẹ̀ oko ni. Nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1979, Ọ̀tà ni ó lọ dá oko ńlá rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Èkó ni Ọ̀tà wà. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Sàngó, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé wọn wá kọ́lé. Ilẹ̀ tí a ń fi ìran dá oko sí di ohun tí a ń tà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì.

Ní irú àdúgbò bí Ilo-Awela, ẹni tí ó bá ṣì ń dáko sábà máa ń dá a sórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì kọ́ nǹkan sí, tàbí sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí sí bèbè odò. Gbágùúdá, àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ewédú ni ó ń gbìn. Kò lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sinmi, nítorí pé ọjọ́ tí ó bá fi í sílẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò gbà á, tàbí ọjọ́ náà ni onílẹ̀ yóò da búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Igbó tí í fi ọdún púpọ̀ ṣe ajílẹ̀ fún baba rẹ̀ kò lè ṣe é fún òun. Bí ó bá sì yíjú sí ajílẹ̀ inú àpò, owó rẹ̀ ga, pàápàá láti ìgbà tí ogun Russia àti Ukraine ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, tí ó mú kí ajílẹ̀ wọ́n káàkiri àgbáyé.

Kí ni ó kù? Ewé ṣì kù. Bí igbó bá lọ, etí ọ̀nà kò lọ. Ewé tí ó gba etí ọ̀nà Ìpínlẹ̀ Ògùn báyìí ni jogbo, tí àwọn mìíràn ń pè ní agbálẹ̀ tàbí sẹ́pẹ́lẹ́bá, ewé kíkorò tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè tí ó pọ́n. Mexico àti àwọn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀. Nínú 100 kílò ewé rẹ̀ tí ó ti gbẹ, bí 3.5 kílò ni náítírójìn, bí 4 kílò ni pòtásíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta kílò kan. Èyí pọ̀ fún ewé tí ẹnikẹ́ni kò gbìn.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ìṣirò sí i, kí a má baà tan àgbẹ̀ jẹ. Àpò ajílẹ̀ 15-15-15 kan, tí ó wọn 50 kílò, ní náítírójìn 7.5 kílò nínú. Kí jogbo tó lè fúnni ní iye náà, a ó nílò ewé gbígbẹ tí ó lé ní 200 kílò, èyí tí yóò lé ní tọ́ọ̀nù kan nígbà tí ó wà ní tútù. Kò sí ẹni tí yóò fi orí ru èyí lọ sí oko gbágùúdá ńlá. Ibi tí ó ti wúlò ni orí ebè ẹ̀fọ́. Àwọn tí wọ́n dán an wò ní ìwọ̀-oòrùn Kenya ń lo tọ́ọ̀nù márùn-ún ewé gbígbẹ fún hẹ́kítà kan. Fún ebè tí ó fẹ̀ ní mítà kan tí ó sì gùn ní mítà mẹ́wàá, èyí já sí bí 25 kílò ewé tútù, tí kò ju ẹrù orí kan lọ. Kí a gé e kí ó tó yọ òdòdó, kí irúgbìn rẹ̀ má baà gba oko. Kí a ké e wẹ́wẹ́, kí a bò ó mọ́ ilẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó lo bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó gbin nǹkan síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a lè ṣe ewé Akíntọ́lá àti ewé àgúnmánìyẹ́. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ ni ó ń dúró de ewé. Lónìí, ewé ni a ó gbé lọ bá ilẹ̀.

Ewu kan wà níbí tí àwọn baba kò bá pàdé. Ojú wọn mọ ilẹ̀ tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n kò sí òjé tàbí síǹkì ilé-iṣẹ́ nínú ilẹ̀ wọn tí wọn ìbá fi kọ́ bí a ti ń rí i. Jogbo tí ó hù sí etí gọ́tà ilé-iṣẹ́ lè tutù yọ̀yọ̀, kí ó ga ju ènìyàn lọ, kí ìdọ̀tí irin sì kún inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi jogbo ṣe àyẹ̀wò lórí ilẹ̀ tí a da òjé àti síǹkì sí rí i pé ó ń fà wọ́n sára, débi pé wọ́n ń wò ó bóyá a lè fi fọ ilẹ̀ tí ó ti bàjẹ́. Ìwà tí ó lè sọ ọ́ di afọlẹ̀ níbì kan ni yóò sọ ọ́ di ẹni tí ó ń ru májèlé wọ oko níbòmíràn. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gé ewé ajílẹ̀ létí ibi tí omi ilé-iṣẹ́ ń ṣàn gbà, tàbí lórí ààtàn tí a ń da bátìrì àti irin sí, tàbí níbi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún orí ààtàn, tí ó jẹ́ àmì ilẹ̀ rere fún baba, lè má jẹ́ ẹ̀rí tí ó tó fún ọmọ mọ́.

Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí ní ẹ̀bá Èkó: ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n mọ ewé kò ní ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ tí wọ́n sì ní ilẹ̀ kò mọ̀ ju pé gbogbo ohun tí a kò gbìn, igbó ni, kí a fín oògùn sí i kí ó kú. Bí àgbà kan bá ti kú láìfi orúkọ àti ìwà àwọn ewé yìí han ọmọ, ọmọ náà yóò máa ra ohun tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá. Àwọn olùkọ́ ètò ọ̀gbìn ní iléèwé Ọ̀tà lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ebè méjì péré, kí wọ́n fi ewé sí ọ̀kan, kí wọ́n má fi sí èkejì, kí àwọn ọmọ sì wọn irè méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ àgbẹ̀ lọ́gbọ́n lè bá wọn yẹ ilẹ̀ wò fún òjé, nítorí pé èyí ni ohun tí ojú kò lè rí. Àgbà ni yóò dá ewé mọ̀, onímọ̀ ni yóò yẹ ilẹ̀ wò, àgbẹ̀ ni yóò sì pinnu bóyá iṣẹ́ náà tó èrè rẹ̀.